Àgbálùmọ̀ Dídùn àti Ápù Kíkorò: Ìdí tí Igi Rere Fi Ń Kú Láìní Àrólé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìdí tí àgbálùmọ̀ kan fi ń dùn tí èkejì fi ń kan, àti ìdí tí igi àgbálùmọ̀ tó dùn jù lọ ládùúgbò fi sábà máa ń kú láìfi irú ara rẹ̀ sílẹ̀. A fi í wé ápù kíkorò tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ọtí sáídà. Èso yẹn kò ṣeé jẹ lásán, síbẹ̀ ó ti wà láti ìran dé ìran, nítorí pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ń lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ sára igi mìíràn. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé àgbẹ̀ Yorùbá ti ń lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ tipẹ́ lórí iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé orí àgbálùmọ̀. Ní ìparí, a dábàá bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ṣe lè mú ẹ̀kọ́ yìí dé kíláàsì àti oko ilé-ìwé.

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ápù ni èso àkọ́kọ́ tí ọmọ ń bá pàdé nínú ìwé, nítorí pé òun ni wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ábídí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà lè má tíì fi ẹnu kan ápù rí. Ó sì lè jẹ́ pé hóró àgbálùmọ̀ tó jẹ lánàá ṣì wà nínú àpò rẹ̀, tó fẹ́ fi ta ayò nígbà ìsinmi. Olùkọ́ yóò ní kó ya ápù, yóò sì yà á. Ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ kò ní í wọ inú ẹ̀kọ́.

Kì í ṣe pé a fẹ́ lé ápù kúrò nínú ìwé. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ápù ní ẹ̀kọ́ kan láti kọ́ wa nípa àgbálùmọ̀, pàápàá ápù tí kò dùn. Níwọ̀n bí àpérò wa ti jẹ́ ti elédè púpọ̀, ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Yorùbá ń pe èso yìí ní àgbálùmọ̀. Hausa ń pè é ní agwaluma. Igbo ń pè é ní udara tàbí udala, àwọn Ẹ̀dó sì ń pè é ní otien. Ẹni tó bá fetí sí orúkọ Yorùbá àti ti Hausa yóò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Èso náà ń ti inú igbó kìjikìji gúúsù lọ sí ilẹ̀ ọ̀dàn, orúkọ rẹ̀ sì ń bá a lọ.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́ ti gbogbo àgbálùmọ̀ lápapọ̀. Bí a bá bi ìyá alágbálùmọ̀ pé èwo ló dùn, yóò ní kí a mú èyí tó wà níwájú wa, ó dùn. Kò ní orúkọ tó lè fi ya igi kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ohun tí kò ní orúkọ, kò sí ohun tí a ó fi fà á mọ́ra bó bá ń lọ. Kókó iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ohun tí àgbálùmọ̀ jẹ́

Chrysophyllum albidum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe àgbálùmọ̀. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ yẹn ń tọ́ka sí ohun tó funfun. Bí a bá dojú ewé rẹ̀ tó ti gbó dé, a ó rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ń dán bíi fàdákà. Bí a bá fi ọ̀bẹ gé èso náà ní ìbú, a ó rí i pé hóró rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tò yí àárín ká bí ìràwọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pè é ní ápù oníràwọ̀ ti Áfíríkà.

Síbẹ̀, àgbálùmọ̀ kì í ṣe ìbátan ápù. Inú ìdílé òdòdó róòsì ni ápù wà. Ìdílé tí wọ́n ń pè ní Sapotaceae ni àgbálùmọ̀ wà ní tirẹ̀, oje funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ètè àti ìka ọwọ́ sì ni àmì tí a fi ń dá ìdílé náà mọ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ méjì kò ṣàjèjì sí wa. Èkíní ni igi èmí, tí a ti ń yọ òrí. Èkejì ni àgbáyun, èso pupa kékeré tó máa ń sọ ohun kíkan di dídùn lẹ́nu. W. F. Daniell, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kọ ìwé nípa àgbáyun ní ọdún 1852. Ní ọdún 1968, Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler yọ èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà jáde nínú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí miraculin. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ àgbáyun kó tó jẹ àgbálùmọ̀ kíkan yóò rí i pé ìkan náà ti di adùn. Ìdílé kan náà ló fún wa ní èso tó ń kan àti èso tó ń pa ìkan rẹ́.

Inú igbó ni igi àgbálùmọ̀ ti wá, ó sì lè ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ Àbújá, ibi tí èmí ti ń hù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àgbálùmọ̀ tí a ń rà ní ọjà Zuba, Wuse, Garki tàbí Kubwa láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin ló ti inú ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀kalẹ̀. Ìrìn-àjò yẹn ní ipa lórí bó ṣe ń rí lẹ́nu, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ohun mẹ́ta tó ń pàdé lẹ́nu

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí ọ̀pọ̀ èso ṣe ń rí lẹ́nu: ṣúgà, ásíìdì àti tánìnì. Ṣúgà ló ń mú un dùn. Ásíìdì ló ń mú un kan. Tánìnì ní tirẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń mú èso korò, ó sì ń fún ẹnu pọ̀. Ẹni tó bá ti fi eyín kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú rí mọ ohun tí à ń wí. Ìdí rẹ̀ ni pé tánìnì máa ń so mọ́ àwọn pùrótéènì inú itọ́. Itọ́ kò ní í yọ̀ mọ́, ahọ́n yóò wá dà bí ohun tí a fi iyanrìn ha.

Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ pẹ̀lú, máa ń pa ìkan àti ìkorò pọ̀ bí wọ́n bá ń kọ ìdáhùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lédè Yorùbá, a kì í ṣe irú àṣìṣe yẹn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ewúro kan tàbí pé ọsàn wẹ́wẹ́ korò bí ewúro. Èdè wa ti ya dídùn, kíkan àti kíkorò sọ́tọ̀ kí ọmọ tó dé ilé-ìwé. Irú ohun èlò báyìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbára lé ní Ifẹ̀ láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Kíkorò kò túmọ̀ sí pé nǹkan kò dára. Yorùbá mọ èyí dáadáa. Obì ń korò, ó sì ń fún ẹnu pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá mu omi lé e, omi náà a dùn lọ́fun. Orógbó ń korò, síbẹ̀ ó wà nínú àwo ìsọmọlórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin. Bí adùn àti ìkorò bá pàdé níwọ̀n, ohun tí adùn nìkan kò lè fún ni ló ń jáde. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí lára ápù wọn nìyẹn.

Ápù tí a kò lè jẹ

Ọtí tí a fi oje ápù ṣe ni sáídà. Bí a ṣe ń rí ẹmu ni wọ́n ṣe ń rí i: ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára èso yóò jẹ ṣúgà inú oje, yóò sì sọ ọ́ di ọtí. Àwọn tó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe àgàdàgídì tàbí tó ń fi àgbàdo ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà máa ń jẹ ṣúgà tán. Bó bá jẹ́ pé adùn nìkan ni ápù náà ní, ọtí rẹ̀ yóò ṣá, kò ní í ní ara. Tánìnì kò bá ṣúgà lọ. Òun ló kù tó ń fún ọtí náà ní ìkorò díẹ̀, àwọ̀ àti agbára lẹ́nu. Nítorí náà, ní àwọn ẹkùn bíi Somerset, Devon àti Herefordshire, àwọn àgbẹ̀ ń gbin àwọn ápù kan tó dùn tó sì korò pọ̀. Bí ọmọdé bá gé e jẹ, yóò tu ú dànù. Ọtí ni wọ́n gbìn ín fún.

Ní ọdún 1903, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa èso àti sáídà sílẹ̀ ní Long Ashton, nítòsí ìlú Bristol. B. T. P. Barker tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pín ápù ọlọ́tí sí ọ̀nà mẹ́rin, ìdíwọ̀n méjì péré ló sì lò. Èkíní ni ásíìdì: ṣé ó ju ìdá 0.45 nínú 100 oje náà lọ? Èkejì ni tánìnì: ṣé ó ju ìdá 0.2 nínú 100 lọ? Èyí tí méjèèjì kéré nínú rẹ̀ ni ápù dídùn. Èyí tí ásíìdì rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n tí tánìnì rẹ̀ pọ̀ ni ápù dídùn tó korò. Èyí tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀ tí tánìnì rẹ̀ kéré ni ápù kíkan. Èyí tí méjèèjì pọ̀ nínú rẹ̀ ni ápù kíkan tó korò. Títí dòní, ìpín yìí ni àwọn olùṣe sáídà ń lò. Olùkọ́ èyíkéyìí lè yà á sójú pátákó bí àpótí oníhò mẹ́rin.

Nínú àwọn ápù dídùn tó korò, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Dabinett. Inú ọgbà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní abúlé Middle Lambrook ní Somerset ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dabinett ti rí i. Igi náà ti dá hù níbẹ̀ ni. Òmíràn wà tó ń jẹ́ Yarlington Mill. Ẹ̀gbẹ́ ọlọ kan ní abúlé Yarlington ni wọ́n ti rí igi yìí, ó sì gba orúkọ ibẹ̀. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ló ṣẹ̀dá èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Igi tó dá hù ni wọ́n, bí àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí àwọn ará abúlé náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì lọ́ ọ sára igi mìíràn. Gbogbo igi Dabinett tó wà láyé lónìí, ẹ̀ka igi kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti wá. Igi àkọ́kọ́ lè kú bó bá wù ú.

Wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọdún 1876 sí 1885, ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ ẹ̀dá kan ní Herefordshire gbé ìwé kan jáde díẹ̀díẹ̀, èyí tí Robert Hogg àti Graves Bull ṣe olóòtú rẹ̀. Wọ́n ya ápù àti píà ẹkùn wọn sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ àti ìtàn rẹ̀ sí i. Ohun tó sún wọn ṣe é ni pé wọ́n rí i pé àwọn igi àtijọ́ ń kú lọ.

Kí ló dé tí hóró kì í bí ìyá rẹ̀?

Olùkọ́ kan lè béèrè pé: bí àgbálùmọ̀ kan bá dùn, ṣé kì í ṣe kí a gbin hóró rẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí igi náà tó so, nígbà tó sì so, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Òbí méjì ni hóró ní. Ìyá ni igi tó so ó. Baba ni igi tí kòkòrò ti gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wá. A mọ ìyá, a kò mọ baba. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pupa lè dúdú bíi baba rẹ̀, ó sì lè jọ ìyá-ìyá rẹ̀ tí kò jọ ẹnìkankan nínú àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni hóró ṣe ń rí. Ápù náà kò yàtọ̀: hóró márùn-ún láti inú èso kan lè bí igi márùn-ún tí adùn wọn kò bára mu.

Ẹ̀ka kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka kì í ṣe ọmọ igi, ara igi ni. Bí a bá gé e tí a sì mú un hù níbòmíràn, igi yẹn gan-an ló tún bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pé kí a lọ́ ẹ̀ka igi tó dùn sára ọ̀dọ́ igi tó ti ní gbòǹgbò, kí a dì í pa títí ara wọn yóò fi jinná pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà “lọ́” kì í ṣe àjèjì, nítorí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá lò ó fún igi ólífì nínú Ìwé sí àwọn ará Róòmù, orí 11. Ọ̀nà kejì ni pé kí a bó èèpo ẹ̀ka kan yíká nígbà tó ṣì wà lórí ìyá rẹ̀, kí a fi ilẹ̀ tútù bo ibẹ̀, kí a sì fi ọ̀rá dì í. Bó bá ti ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ náà, a ó gé e, a ó sì gbìn ín. Igi tí a rí ní ọ̀nà méjèèjì yìí máa ń tètè so ju èyí tí a gbin hóró rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ̀ka náà ti dàgbà tẹ́lẹ̀.

Àgbẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n

Ẹ jẹ́ kí a wo oko. Àgbẹ̀ kì í wá hóró iṣu kó tó gbin iṣu. Èbù ni ó ń gé. Èbù efùrù yóò bí efùrù, èbù gàǹbarí yóò bí gàǹbarí. Bí a bá fẹ́ ẹ̀gẹ́, igi rẹ̀ là ń gé gbìn. Bí a bá fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọ ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀ là ń hú. Gbogbo èyí jẹ́ ara ohun ọ̀gbìn, kì í ṣe hóró. Iṣẹ́ tí àwọn ará Somerset ṣe lórí ápù, àwọn baba wa ti ṣe é lórí iṣu.

Ẹ sì wò ó pé àwọn ohun ọ̀gbìn yìí ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ lè jókòó kó máa ka orúkọ iṣu fún ọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò sọ èyí tó dára fún iyán, èyí tó dára fún ẹlùbọ́ àti èyí tó lè pẹ́ nínú abà. Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀, àwọn kan ń pe ọ̀kan ní ọkọ-ìyàwó. Lójú wa, kì í ṣe èèṣì ni pé orúkọ pọ̀ níbi tí èbù àti igi gígé wà, tí kò sì sí níbi tí hóró nìkan wà. Ohun tí a lè tún bí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà ni a lè sọ lórúkọ kí orúkọ náà sì dúró. Hóró àgbálùmọ̀ ń yí padà ní ìran kọ̀ọ̀kan, nítorí náà orúkọ kò rí ibi lẹ̀ mọ́. A mọ igi náà gẹ́gẹ́ bí “àgbálùmọ̀ ẹ̀yìnkùlé bàbá báyìí-báyìí”. Bí wọ́n bá ta ilé náà, tí ẹni tó rà á sì gé igi náà láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, igi náà ti tán nìyẹn, àti adùn tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ìkan méjì ní ọjà Àbújá

Ẹni tó bá ra àgbálùmọ̀ kíkan ní Àbújá kò gbọdọ̀ yára dẹ́bi fún igi. Ìkan méjì ló wà. Ìkan àkọ́kọ́ jẹ́ ti àbínibí: igi náà ń so èso tí ásíìdì rẹ̀ pọ̀, kò sì sí bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ tí yóò dùn bíi ti ẹlòmíràn. Ìkan kejì jẹ́ ti ìkánjú: wọ́n já èso náà kó tó gbó kí ó lè fara da ọ̀nà jíjìn. Bí èso ti ń pọ́n lórí igi ni ṣúgà ń pọ̀ sí i, tí ásíìdì àti tánìnì inú rẹ̀ sì ń dín kù. Èyí tí a já ṣáájú àkókò lè yí àwọ̀ padà lójú ọ̀nà, kó pupa rẹ́súrẹ́sú, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ má dùn tó.

Àwọn àgbà mọ èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Igbo, èèwọ̀ ni kí ènìyàn gun igi lọ já udara. Èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Àwa Yorùbá náà mọ bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń sáré lọ sídìí àgbálùmọ̀ ní ìdájí lẹ́yìn ìjì. Èèwọ̀ yẹn ní ìlànà sáyẹ́ǹsì nínú: èso tó bọ́ fúnra rẹ̀ ti pọ́n tán. Olùkọ́ tó bá lè fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ ti so àṣà pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí láìfi ipá ṣe é.

Àgbálùmọ̀ kíkan náà kì í ṣe ohun ìdànù. Àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní àwọn yunifásítì wa ti fi àgbálùmọ̀ ṣe jáàmù àti wáìnì nínú yàrá àyẹ̀wò. Ápù tí wọn kò lè jẹ ló sọ ẹkùn Somerset di olókìkí. Àgbálùmọ̀ tí ẹnu kọ̀ lè jẹ́ èyí tí ìkòkò jáàmù ń wá. Ṣùgbọ́n olùṣe jáàmù nílò èso tí ìkan rẹ̀ bára mu lọ́dọọdún, kò sì lè rí i gbà bí kò bá sí igi tó ní orúkọ.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Àwọn iṣẹ́ ṣíṣe mẹ́ta yìí kò nílò yàrá àyẹ̀wò olówó ńlá.

Èkíní jẹ́ ti ásíìdì. Kí olùkọ́ fún oje àgbálùmọ̀ láti igi méjì tàbí mẹ́ta sínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí oje náà bá ara wọn dọ́gba. Kí ó lọ kánún kúnná, kí ó sì da ṣíbí kékeré kan sínú ife kọ̀ọ̀kan. Ásíìdì àti kánún yóò pàdé, oje náà yóò sì hó. Èyí tó hó jù ni ásíìdì rẹ̀ pọ̀ jù. Kí ẹnikẹ́ni má mu oje náà lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì jẹ́ ti tánìnì. Kí wọ́n rẹ ìṣó tó ti dípẹtà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì sẹ́ omi rẹ̀. Bí a bá kán omi yìí sínú tíì tí kò ní mílíìkì, tíì náà yóò dúdú, nítorí tánìnì inú rẹ̀ ti pàdé irin. Kí wọ́n wá kán an sínú oje èso tó ti pọ́n àti èyí tí kò tíì pọ́n, kí wọ́n fi dídúdú wọn wéra. Èyí náà kò ṣeé mu.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan béèrè nílé pé kí ni wọ́n ń pe èso yìí, ìgbà wo ló ń so, ta ló ní igi tó dùn jù nílùú, àti pé kí ni àgbà ilé mọ̀ nípa rẹ̀. Ní kíláàsì Àbújá, Yorùbá, Hausa, Igbo, Gbagyi àti Ẹ̀dó lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo èdè náà sójú pátákó. Kí wọ́n sì fi àpótí oníhò mẹ́rin ti Barker pín àwọn èso tí wọ́n mọ̀.

Àbá

Àkọ́kọ́, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kọ̀ọ̀kan ní ìwé igi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè kọ igi àgbálùmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìlú tó bá lọ: ibi tó wà, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ fún un, bí èso rẹ̀ ṣe rí lẹ́nu, àti oṣù tó ń so. Bí kò bá ní orúkọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ bá onígi jókòó kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ abúlé tàbí ti ẹni tó gbìn ín tó.

Ìkejì, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń lọ́ ẹ̀ka, kí iṣẹ́ náà sì wáyé nínú oko, kó má jẹ́ lórí pátákó nìkan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, àwọn òṣìṣẹ́ irú ibẹ̀ ló yẹ kí a pè wá fi ọwọ́ kọ́ wa.

Ìkẹta, kí a má ṣe gbé gbogbo ẹ̀yin sínú apẹ̀rẹ̀ kan. Igi tí a bí láti ara igi kan ṣoṣo, àìsàn kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí a lọ́ ẹ̀ka láti ara igi púpọ̀, kí a sì máa gbin hóró tuntun pẹ̀lú, nítorí inú hóró ni àgbálùmọ̀ dídùn ti ọ̀la ti máa jáde.

Ìkẹrin, ní Àbújá níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ọ̀dàn, kí oko ilé-ìwé má fojú fo igi èmí dá. Ìbátan àgbálùmọ̀ ni, ilé rẹ̀ sì ni ibí. Ẹran ara èso rẹ̀ dùn, àwọn ọmọ Gbagyi sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà lára rẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìkan, adùn àti ìkorò ní ìdí tí a lè wọ̀n, pé hóró kì í bí irú ìyá rẹ̀, àti pé ẹ̀ka àti orúkọ ni ó gba ápù kíkorò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ìparun. A ti rí i pẹ̀lú pé ọgbọ́n náà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gé èbù iṣu. Ohun tó kù ni kí a gbé e láti orí ebè dé ìdí àgbálùmọ̀. Igi tó dùn ní ìlú wa lónìí ti dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ti darúgbó. Iṣẹ́ yìí kò le ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan lọ, bó bá ní ọ̀bẹ mímú, ọ̀rá, ìwé àjákọ àti olùkọ́ tó ti fi hàn án bí a ti í ṣe é. Kí àkókò èso tó ń bọ̀ tó parí, ẹ jẹ́ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan tó wà níbí kọ orúkọ igi kan, ó kéré tán, sínú ìwé.